Ìlà dúró níbi tí S ń dúró, ṣùgbọ́n omi ò rú. Ṣé AS la ó kọ?

Jẹ́ẹ̀lìTuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ẹ̀jẹ̀ kan wà nílẹ̀ tí a ń wá genotype rẹ̀, tí èsì rẹ̀ ń ta kora. Ọkùnrin àgbàlagbà ló ni ín, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, PCV (ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀) 41, wọn ò fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára rí. Lórí cellulose acetate (bébà tí iná mànàmáná ti ń ya hemoglobin sí ìlà-ìlà), búfà pH 8.5, ìlà méjì ló yọ: ọ̀kan níbi A, èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ S inú kọ́ńtíróòlù gẹ́lẹ́, kò yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò yẹ̀ sósì. Àfi pé ó tín-ín-rín ju ìlà S tí à ń rí lára AS lọ. A wá ṣe solubility, ìdánwò tí omi rẹ̀ máa ń rú bí S bá wà nínú ẹ̀jẹ̀. Omi ò rú. A tún un ṣe, omi ò rú. Ìwé tó mú bọ̀ láti ibòmíràn, AS ni wọ́n kọ sí i gàdàgbà. AS ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀ náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ká tún un yẹ̀ wò. Àwọn kan lọ́dọ̀ wa ní ká kọ AS ká máa lọ, pé solubility ló ń ṣe wérewère. Kí lẹ rí sí i?

Ọ̀gáBẹ́ńṣì

Ẹ má tíì kọ ohunkóhun. Kí ẹ tó dá ẹ̀jẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ yẹ omi tiyín wò. Dithionite tó wà nínú omi náà ò bá atẹ́gùn rẹ́. Bí ìdérí ike rẹ̀ ò bá dé dáadáa, á fa ọ̀rinrin, á dì kókó-kókó, omi tí ẹ bá sì fi pò ò ní rú bí ẹ tiẹ̀ da SS sí i. Nínú lítà kan búfà phosphate tó nípọn, giráàmù 5 ni dithionite, giráàmù 1 ni saponin. Saponin ló ń bẹ́ sẹ́ẹ̀lì, dithionite ló ń gba ọ́síjìn kúrò lára hemoglobin, iyọ̀ phosphate tó pọ̀ rẹpẹtẹ yẹn ni kì í jẹ́ kí S tí kò ní ọ́síjìn mọ́ yòrò. Inú fíríìjì ni kí ó máa gbé. Tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ kan, ẹ dà á nù.

Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ fa mílílítà 2 sínú túùbù kékeré, kí ẹ jẹ́ kí òtútù kúrò lára rẹ̀ ná. Ẹ fi máíkírólítà 10 sẹ́ẹ̀lì tí ẹ ti yí sọ̀ kalẹ̀ sí i, ẹ pò ó, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ wá gbé páálí funfun tí a fa ìlà dúdú tín-ín-rín sí sẹ́yìn túùbù, kí àlàfo àárín wọn tó sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀. Bí ẹ bá rí ìlà, omi ò rú. Bí ẹ ò bá rí ìlà, ó rú. Bí ó bá ń ṣe yín bí ẹni pé ó rú, bí ẹni pé kò rú, ẹ yí túùbù náà nínú ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú 5 sí i: S á léfòó sókè bí ìpele pupa dúdú kan, omi ìsàlẹ̀ á sì pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí A bá wà nínú rẹ̀.

Ibi tó ti ń ṣini lọ́nà: bí ẹ bá lo odidi ẹ̀jẹ̀ ẹni tí Hb rẹ̀ ti bọ́ sábẹ́ 7, S inú rẹ̀ ò ní tó láti rú omi. Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, F, hemoglobin ọmọ inú oyún, ló kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ má tilẹ̀ dá a láṣà. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, ọ̀rá tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí sẹ́ẹ̀lì funfun tó pọ̀ kọjá ààlà lè rú omi fún AA. Nítorí náà ni a ṣe ń lo sẹ́ẹ̀lì, tí a kì í lo odidi ẹ̀jẹ̀.

Ìbéèrè mi: ṣé kọ́ńtíróòlù AS rú lọ́jọ́ náà, láti inú igo kan náà?

Jẹ́ẹ̀lìTuntun

Ó rú, sà. A ò rí ìlà kankan lẹ́yìn rẹ̀. AA mọ́ gaara. Sẹ́ẹ̀lì tó ti sọ̀ kalẹ̀ la lò fún gbogbo wọn.

ÌyáHema

Ó tán nígbà náà. Omi ń sọ òtítọ́, ìwé tó mú bọ̀ ló ṣì í kà.

Àbúrò mi, ibi tí ìlà dúró sí kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Àdírẹ́sì ni. Ilé kan ṣoṣo lè ní ayálégbé mẹ́wàá.

Ẹ wo bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀wọ̀n mẹ́rin ló wà nínú hemoglobin àgbàlagbà, alpha méjì, beta méjì. Ní pH 8.5, chájì nẹ́gátíìfù ló pọ̀ jù lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí A fi ń sáré lọ sí òpó pọ́sítíìfù. Ní ti S, glutamic acid, ọ̀kan nínú àwọn amino acid tí a fi hun ẹ̀wọ̀n, tó wà ní ipò 6 lára beta ló di valine. Glutamic acid ru nẹ́gátíìfù kan, valine ò ru nǹkan kan. Beta sì jẹ́ méjì, nítorí náà chájì méjì ló dín, ìlà sì fà sẹ́yìn. Ní ti C, ipò 6 yẹn náà ni, ṣùgbọ́n lysine ló bọ́ síbẹ̀, lysine sì ru pọ́sítíìfù. Ìyàtọ̀ di mẹ́rin, ìlà tún fà sẹ́yìn ju ti S lọ. Chájì yìí nìkan ni jẹ́ẹ̀lì yín mọ̀ ọ́n kà. Kò mọ̀ bóyá ipò 6 lọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ àbí ipò 121.

Ẹ wá ka àwọn tó ń gbé àdírẹ́sì S: D-Punjab, tí glutamic acid ipò 121 lára beta di glutamine. Korle Bu, tí wọ́n fi orúkọ ilé ìwòsàn ńlá Àkírà pè, aspartic acid ipò 73 di asparagine. G-Philadelphia, tí kì í tilẹ̀ ṣe beta ni tirẹ̀, alpha ni, ipò 68, asparagine di lysine. Àti D-Ibadan tiwa-n-tiwa, beta 87, threonine di lysine. Ní àdírẹ́sì C, ẹ ó bá E, O-Arab, àti A2 tó wà lára gbogbo wa. Nígbà tí lẹ́tà fẹ́ tán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ìlú kún un. Irú hemoglobin tí a ti mọ̀ lágbàáyé báyìí ju 1,000 lọ.

Nínú gbogbo àwọn tó ń gbé àdírẹ́sì S tí mo kà yìí, S nìkan ló ń rú omi, nítorí valine ipò 6 yẹn ló ń wọ kòtò kékeré kan lára hemoglobin ẹnìkejì rẹ̀, tí wọ́n á so kọ́ra bí okùn. Ohun kan tó wù mí láti sọ síbẹ̀: ipò 87 tí D-Ibadan ti yàtọ̀ yẹn, etí kòtò náà gan-an ló wà. Ipò yẹn náà ni wọ́n yí padà, threonine sí glutamine, nínú ìwòsàn jíìnì kan tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá 2023, kí kòtò má bàa gba valine mọ́.

ArákùnrinOgbó

Mà, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fojú ilé wa wò ó. Nílẹ̀ Yorùbá, nínú èèyàn mẹ́rin, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ AS. Àwọn D àti G yìí, mélòó ni wọ́n? Bí láàbù tó ń yẹ èèyàn 40 wò lójúmọ́ bá ní kí òun máa lé gbogbo ìlà kiri, ṣé wọn á ráyè jẹun?

ÌyáHema

Òótọ́ lẹ sọ. Kí omi tó dé, AS ni èmi náà á kọ́kọ́ rò. Ṣùgbọ́n nígbà tí kọ́ńtíróòlù rú tí ti ọkùnrin yìí ò rú lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ ti kúrò níbi iye èèyàn. Ẹ ò sì ní lé gbogbo ìlà kiri. Èyí tó bá dúró ní ibi S tí omi ò rú, àti èyí tó bá dúró ní ibi C nìkan ni ẹ ó yà sọ́tọ̀.

Mo fi ti C kún un nítorí irú hemoglobin kan tó ń jẹ́ C-Harlem. Ó ní valine ipò 6 bíi S, ó tún yàtọ̀ ní ipò 73. Ó ń dúró níbi C lórí jẹ́ẹ̀lì pH 8.5, ó sì ń rú omi. Ẹni tó bá gbójú lé jẹ́ẹ̀lì nìkan á kọ AC.

Akọ̀wéJíìnì

Ẹ jẹ́ ká lo ohun tí Jẹ́ẹ̀lìTuntun ti rí, pé ìlà yẹn tín-ín-rín. Iye ń sọ̀rọ̀ níbí.

Beta: jíìnì méjì péré lèèyàn ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Nítorí náà irú beta tó yàtọ̀ máa ń súnmọ́ ìdajì. S máa ń wà láàárín 35 sí 40 nínú 100 lára AS, torí pé alpha fẹ́ràn láti bá beta A so pọ̀ ju beta S lọ. Alpha ní tirẹ̀, jíìnì mẹ́rin ni. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ìdá mẹ́rin kan lẹ ó rí, 20 sí 25. G-Philadelphia sì sábà máa ń wà lórí kúrómósóómù tí alpha kan ti já dànù lórí rẹ̀, nítorí náà ó máa ń di ọ̀kan nínú mẹ́ta, bí 30 sí 35.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Alpha tó já dànù yẹn wọ́pọ̀ gan-an lọ́dọ̀ wa, ó sì máa ń fa S gidi náà wálẹ̀ sí 30, nígbà míràn kò ní tó bẹ́ẹ̀. Àìtó irin nínú ara náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ìlà tín-ín-rín nìkan kò tó ẹ̀rí.

Ohun tó ń tú G fó ni A2. Alpha wà nínú A, ó wà nínú A2. Bí alpha bá yàtọ̀, A2 á pín sí méjì: ọ̀kan níbi tí A2 ń dúró, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún sí ibi tí a ti tẹ ẹ̀jẹ̀ sí. Irú beta ò lè pín A2 láé, torí beta ò sí nínú rẹ̀. Ẹ tún ẹ̀jẹ̀ náà tẹ̀ kí ó nípọn díẹ̀, kí ẹ má sì fi ásíìdì fọ àwọ̀ rẹ̀ jù. Bí ẹ bá rí ìlà A2 méjì tó rẹ̀ dòdò, ẹ ti mú un.

Òfin mìíràn tí ó yẹ kí ó wà lára ògiri gbogbo láàbù: lára AS, A gbọ́dọ̀ ju S lọ. Bí S bá ju A lọ, ẹ má kọ AS. Bóyá SS tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára láìpẹ́ ni, bóyá S pẹ̀lú beta-thalassaemia, àrùn tí beta kì í tó. Ọjọ́ 120 ni sẹ́ẹ̀lì pupa ń lò láyé, nítorí náà ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó pé oṣù mẹ́rin kí ẹ tó kọ genotype rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀gáBẹ́ńṣì

Ẹni tó bá ní jẹ́ẹ̀lì citrate agar, pH 6.0 sí 6.2, ibẹ̀ ni kí ó gbé e lọ. Fóltì 50 fún wákàtí kan, ní ibi tútù. Kì í ṣe chájì nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. S àti C máa ń lẹ̀ mọ́ ohun kan nínú agar tí à ń pè ní agaropectin, ìyẹn á yà wọ́n kúrò lára A. D àti G ò ní lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á bá A lọ. E náà á bá A lọ, á fi C sílẹ̀ níbẹ̀. C-Harlem tí Ìyá wí, ibi S ni yóò dúró sí.

Fún cellulose acetate fúnra rẹ̀, nǹkan mẹ́ta ló ń ba iṣẹ́ àwọn èèyàn jẹ́. Àkọ́kọ́, wọn kì í rẹ ẹ́ pẹ́ nínú búfà, wọ́n á jù ú sínú omi pàì, afẹ́fẹ́ á há sínú rẹ̀, ìlà á wọ́. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ bọ omi láti ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó rẹ fún ìṣẹ́jú 5 ó kéré tán, kí ẹ sì fi pépà fa omi ojú rẹ̀ kí ẹ tó tẹ ẹ̀jẹ̀ sí i. Èkejì, wọ́n ń lo búfà kan náà títí yóò fi gbóná tí yóò sì nípọn, pH rẹ̀ á yẹ̀, S àti C á wá fara mọ́ra tí ojú ò fi ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Búfà tuntun fún lítà kan: Tris giráàmù 10.2, EDTA 0.6, boric acid 3.2. Ẹ̀kẹta, iná mànàmáná. Fóltì 350 fún ìṣẹ́jú 25 ló yẹ, ṣùgbọ́n bí NEPA bá mú un lọ ní ìṣẹ́jú 12 tí wọ́n wá kà á bẹ́ẹ̀, AC á di AS, AS á di AC. Kọ́ńtíróòlù tó ní A, S àti C nínú gbọ́dọ̀ wà lórí gbogbo bébà. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá yà gedegbe, ẹ má ka ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni.

ArákùnrinOgbó

Ẹ dárúkọ AC. Mo ń rí i tí àwọn èèyàn ń kọ níta pé AC dà bí AA, pé kò sí ewu nínú kí AS fẹ́ AC.

ÌyáHema

Háà. Irọ́ gbuu. AS bá fẹ́ AC, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá mẹ́rin kan láti di SC, fòníkú-fọ̀ladìde sì ni SC. Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé PCV ẹni tó jẹ́ SC lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹni tó le, ìrora rẹ̀ lè má wá lemọ́lemọ́, ó lè dàgbà kó tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú àti egungun ìgbáròkó ni SC ti ń jà: iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń hù lódì nínú ojú wọ́pọ̀ lára SC ju SS lọ. Àwọn tó jẹ́ SC gbọ́dọ̀ máa lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú, bí wọ́n tiẹ̀ ń ríran kedere. Solubility ò mọ AS yàtọ̀ sí SC, gbogbo wọn ló ń rú omi.

Ìtàn C sì ní ilẹ̀ tirẹ̀. Oríkò rẹ̀ ni àríwá Gánà àti Burkina Faso, níbi tó ti lé ní èèyàn kan nínú márùn-ún tó gbé e. Bí ẹ ti ń bọ̀ wá sí ìlà oòrùn, ó ń dín kù. Nílẹ̀ Yorùbá, ó ti di nǹkan bí 5 sí 6 nínú 100. Tí ẹ bá rékọjá Odò Ọya, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. S ní tirẹ̀ rékọjá odò láìbìkítà. Ibà ló gbé àwọn méjèèjì ró: Allison ló ṣàlàyé ti S ní 1954, ti C sì hàn kedere ní 2001 nínú iṣẹ́ kan láàárín àwọn Mossi ní Burkina Faso, èèyàn 4,000 ó lé. AC dín ewu ibà kù ní ìdá 29 nínú 100, CC dín in kù ní 93.

ỌmọBàhíà

Láti Salvador ní Brazil ni mo ti ń kà á. Àfikún díẹ̀ lórí S. Bí ẹ bá ka àwọn àmì tó yí jíìnì beta S ká, ẹ ó mọ ibi tó ti wá. Èyí tó wà ní Nàìjíríà àti Benin Republic ni wọ́n ń pè ní Benin, èyí tó wà ní ààrin gbùngbùn àti gúúsù Áfíríkà ni Bantu, Senegal wà, Kamẹrúùnù wà, èyí tó wà ní Arébíà àti Íńdíà wà. Ní Bahia níbí, Benin àti Bantu ló jọ pín in, ní São Paulo, Bantu ló borí. Cuba náà, àwọn méjèèjì yìí ni. Bí a ṣe kó àwọn ẹrú sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté kọ̀ọ̀kan ló hàn nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn.

Tẹ́lẹ̀, wọ́n gbà pé ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni S ṣẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 2018, Daniel Shriner àti Charles Rotimi wo odidi DNA àwọn èèyàn, wọ́n sì rí i pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ṣẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 7,300 sẹ́yìn.

ArákùnrinOgbó

Ṣé hemoglobin nìkan ló ń ṣe àdírẹ́sì kan ayálégbé méjì yìí, àbí àwọn purotéènì mìíràn náà?

Akọ̀wéJíìnì

G6PD, ẹ́ńsáìmù tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa, ẹ̀dà rẹ̀ gan-an ni. Lẹ́tà A àti B tó wà lórúkọ rẹ̀, orí jẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti mú un. A ń sáré ju B lọ, torí pé asparagine ipò 126 di aspartic acid, chájì nẹ́gátíìfù kan kún un. Ṣùgbọ́n A pé méjì. A+ ní ìyípadà yìí nìkan, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. A− ní ìyípadà kejì, valine ipò 68 di methionine. Ìyẹn ò fi chájì kún un, kò yọ ọ́ kúrò, nítorí náà ojú kan náà ni A+ àti A− ń dúró sí. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì tó bá ti ń dàgbà. Iṣẹ́ rẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ wọ̀n, ẹ ò lè fojú ìlà mọ̀ ọ́n.

Lára ọkùnrin nílẹ̀ Yorùbá, nǹkan bí ọ̀kan nínú márùn-ún ló ní A−. Orí kúrómósóómù X ló wà, ọkùnrin ò ní èkejì tí yóò gbà á sílẹ̀.

Ìdánwò aláwọ̀ tó ń tàn: ẹ̀jẹ̀ máíkírólítà 10 nínú omi ìdánwò 100, ẹ kán an sórí pépà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ní ìṣẹ́jú 5 àti 10, kí ó gbẹ, kí ẹ wò ó lábẹ́ iná UV. Èyí tó tàn ń ṣiṣẹ́. Ibi tó ti ń parọ́ pọ̀ o. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ tán, àwọn sẹ́ẹ̀lì àgbà tí kò ní G6PD ti lọ, àwọn ọ̀dọ́ tó kù á tàn yòò, ẹ ó sì kọ pé ara rẹ̀ le. Ẹ ní kí ó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Obìnrin tó gbé ọ̀kan ní irú sẹ́ẹ̀lì méjì nínú ẹ̀jẹ̀, ìdánwò yìí sì sábà máa ń fò ó. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni Luzzatto àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lò ní Ìbàdàn ní 1969: lára àwọn ọmọbìnrin tí ibà ń ṣe, kòkòrò ibà inú sẹ́ẹ̀lì tó ní G6PD fi ìlọ́po 2 sí 80 ju ti inú sẹ́ẹ̀lì tí kò ní in lọ. Ara kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà. Kò sí ìwọ̀n tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ sì sọ fún àwọn abiyamọ: káńfò inú àpótí aṣọ, ẹ má kó aṣọ ọmọ tuntun sí i.

Ọ̀gáBẹ́ńṣì

Haptoglobin náà wà níbẹ̀. Purotéènì tó ń gbá hemoglobin tó tú dà sínú omi ẹ̀jẹ̀ mọ́ra ni. Smithies ló fi jẹ́ẹ̀lì sítáàṣì yà á sí Hp1 àti Hp2 ní 1955. Nígbà tí Allison àti Blumberg wá yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà wò ní 1958, wọ́n bá ọ̀pọ̀ tí kò ní i rárá lójú jẹ́ẹ̀lì. Ibà ló ń jẹ ẹ́ tán lára ọ̀pọ̀, jíìnì ló fà á lára àwọn mìíràn. Nítorí náà, ní ìlú tí ibà wà, ẹ má fi haptoglobin tó lọ sílẹ̀ nìkan kéde pé ẹ̀jẹ̀ ń fọ́.

Blumberg kan náà ló ń wá ìyàtọ̀ purotéènì ẹ̀jẹ̀ kiri tó fi kọsẹ̀ lára ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ ará Australia kan. Hepatitis B ló jẹ́. Ó gba Nobel nítorí rẹ̀ ní 1976. Ẹni tó bá ń ṣe HBsAg lówùúrọ̀ yìí, ibẹ̀ ló ti wá.

ỌmọBàhíà

Kí n bi yín, kí ló dé tí ìwé kan fi ń kọ S ní ipò 6, tí ìwé mìíràn ń kọ ọ́ ní ipò 7?

Akọ̀wéJíìnì

Ìkíní ò ka methionine tí sẹ́ẹ̀lì fi bẹ̀rẹ̀ purotéènì tó sì gé e kúrò. Èkejì kà á. Ohun kan náà ni. Ibi tó ti léwu ni transthyretin, purotéènì mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀: V122I tàbí V142I, ọ̀kan ni wọ́n, amino acid 20 tí wọ́n gé kúrò níwájú ló fa ìyàtọ̀. Nínú àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, 3 sí 4 nínú 100 ló gbé e. Lọ́jọ́ ogbó, ó lè dì sínú iṣan ọkàn kí ògiri ọkàn nípọn, wọ́n á sì máa pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru lásán. Bí ọwọ́ méjèèjì ẹni náà bá ti ń kú tipiri láti ọdún mélòó kan ṣáájú, ó yẹ kí ó ta yín lólobó.

Jẹ́ẹ̀lìTuntun

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. A ti rí citrate agar yá. Ìlà kejì bá A lọ, kò sí nǹkan kan níbi S, kọ́ńtíróòlù S sì dúró síbi tirẹ̀. A tún ẹ̀jẹ̀ náà tẹ̀ nípọn lórí cellulose acetate: A2 pín sí méjì, ìkejì wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. A wọn ìlà náà, ó jẹ́ 32 nínú 100.

Akọ̀wéJíìnì

G-Philadelphia ni mo fi owó mi lé, alpha kan tó já dànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdánwò DNA ló lè fi òǹtẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ ní kí wọ́n wo alpha, kí wọ́n má kàn wo beta nìkan.

ÌyáHema

Bí ẹ ó ṣe kọ ọ́ nìyí: "Hemoglobin A àti irú hemoglobin mìíràn tó dúró níbi S ní pH 8.5, tó bá A lọ ní pH 6.2. Solubility: kò rú. A2 pín sí méjì. Kì í ṣe HbS. Ó bá irú alpha mu, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ HbG. Kí a fi DNA jẹ́rìí sí i." Ẹ má kọ AG lásán sínú àpótí genotype, ẹni tó bá rí i á rò pé àṣìkọ AC ni.

Ní ti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó jẹ́ AS: beta ọkùnrin yìí méjèèjì, A ni, nítorí náà kò sí bí àwọn méjèèjì ṣe lè bí SS. Ọmọ lè mú S lára ìyá, kí ó mú G lára bàbá, kò sì ní ṣàìsàn. Bí AS ni yóò ṣe máa gbé. Ṣùgbọ́n ẹ kọ èyí sí ìwé fún wọn kí wọ́n tọ́jú rẹ̀: lọ́jọ́ tí wọ́n bá yẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò lórí jẹ́ẹ̀lì pH 8.5, ìlà mẹ́ta ni yóò yọ, ọ̀kan níbi A, ọ̀kan níbi S, ọ̀kan níbi C. Alpha G tó so mọ́ beta S ló ń dúró níbi C yẹn, chájì tiwọn ló papọ̀. Láàbù tó bá ń kánjú á kọ SC, tàbí kó ní ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ló dà mọ́ ọn. Beta méjì péré lọmọ ní, A, S àti C ò lè pé síbẹ̀.

Jẹ́ẹ̀lìTuntun

Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé èsì bẹ́ẹ̀, mà. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wà nínú fíríìjì, mo sì ti lẹ bébà jẹ́ẹ̀lì méjèèjì mọ́ fáìlì rẹ̀.